Ẹ Gbé Àwo Bàbá Yín Jáde

Bí àpótí àwo orin bá wà nílé yín, ì báà jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ tì í sí, ì báà jẹ́ òkè àjà, ì báà jẹ́ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́ látìgbà tí bàbá ti papò dà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì òde àríyá bá wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ òkú ìyá àgbà tàbí lọ́jọ́ ìwúyè, ẹ̀yin náà ni. Bí ẹ bá sì jẹ́ onísítúdíò ní ìlú kékeré, tí ẹ ń gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin àti ìpolówó ọjà sílẹ̀ nínú yàrá kan tí ẹ lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì pàdé kí ọdún yìí tó parí: ẹni tí àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ẹnì kan ti ṣe ohun tí gbogbo ayé rò pé Èkó nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é. Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, kò fi gìtá kọrin, kò fi dùùrù kọ ọ́. Ìyá ìlù, omele, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni tirẹ̀. Á jókòó láàárín àwọn onílù àti elégbè rẹ̀, á máa fi òwe àti oríkì dárà títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Àwo tó ṣe fún Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1955. Nígbà tó fi máa di 1971 tó ṣe àwo Òròkí Social Club fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ohùn rẹ̀ ti di ohùn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dárúkọ rẹ̀ ju ohùn lọ. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló sábà máa ń gba orin wa sílẹ̀: HMV, Decca, Philips. Olórin á wọ sítúdíò wọn, á kọrin, á gba owó ọwọ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Téèpù tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí, tiwọn ni. Àwo tí wọ́n tẹ̀ jáde, tiwọn náà ni. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró, ọ̀gá oníjùjú tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, dá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀ fúnra wọn. STAR Records ni wọ́n pè é, àwọn olórin fúnra wọn ló sì ni ín. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, Haruna tún ṣe bẹbẹ: ó kọ́ sítúdíò Phonodisk. Kò gbé e lọ sí Ìkẹjà, kò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ́ ọ sí. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn 24 sí ipa ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: agídìgbo á wà ní ipa tirẹ̀, ìyá ìlù á wà ní tirẹ̀, kí ẹni tó ń po ohùn pọ̀ lè gbé èyí tó bá fẹ́ sókè láìdí èkejì lọ́wọ́. Olórin tó ń gbé Èkó wá di ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti lọ ṣe àwo.

Mo máa ń ronú sí èyí gan-an. Ọkùnrin tí ì bá fi gbogbo owó rẹ̀ kọ́ ilé sí Èkó, yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ló ná an lé lórí, àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì kọ́ ọ sí. Ó kú ní 1983. Musiliu ọmọ rẹ̀ gbé àpàlà padà sórí rédíò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí bàbá kú sì jó o kárí ilẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan kò lè dá ru ẹrù gbogbo ìlú.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwo Haruna Ìṣọ̀lá kò ní tètè run, nítorí olólùfẹ́ rẹ̀ pọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi. Ti Àyìnlá Ọmọwúrà alápàlà náà rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980, tí Túndé Kèlání sì ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2021. Ti Yusuf Ọlátúnjí onísákárà tó kú ní 1978, ti Lígálì Mùkáíbà alápàlà ní Ẹ̀pẹ́, a ṣì ń rí ẹni tó ní wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ àwo kankan kò pè rí. Kò sí ìlú tí kò ní wọn. Alápàlà tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá ọjà márùn-ún. Ìyá oníwákà tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé káàkiri lásìkò ìpadàbọ̀ àwọn àlàájì. Ẹgbẹ́ alágídìgbo tó jẹ́ pé àgbẹ̀ àti télọ̀ ni gbogbo wọn, tó jẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń di olórin. Ibo ni ohùn wọn wà? Inú kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé yín ni.

Nígbà tí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì dé láwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ilé tó rí ọ̀kan rà pọ̀. Lọ́jọ́ ìnáwó, wọ́n á gbé e ka orí tábìlì níwájú olórin, wọ́n á tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, orin àṣemọ́jú á wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà mìíràn lágbàáyé. Ẹ sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Olórin á kí onínàwó, á kí bàbá rẹ̀, á ka ìran wọn dé orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, á dárúkọ oko àti odò tí wọ́n ti ṣí wá, á dárúkọ ìyàwó àgbà, á dárúkọ àbúrò tó wà ní ìdálẹ̀. Ìtàn ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé wà lórí téèpù tínrín yẹn. Àwo àtijọ́ tó ń yí lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, nítorí náà gígé ni wọ́n ń gé oríkì kúrú kó lè wọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 ló gba àpàlà bó ṣe rí lójú agbo. Òun náà la sì ń gba ìwàásù lé lórí, òun là ń dà sórí ààtàn nígbà tí a bá ń kun ilé.

Ta ni kò gbọ́ Jim Reeves nílé bàbá rẹ̀ lásìkò Kérésì? Ọmọ Texas ni. Ọkọ̀ òfurufú já ní 1964, ó bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ṣì mọ́ gaara létí wa lónìí. Orin kọ́ńtìrì ló ń kọ, orin àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìlú kéékèèké ní Amẹ́ríkà, ó sì ti wọ inú orin tiwa jinlẹ̀: gìtá àgbékalẹ̀ tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà lẹ́yìn King Sunny Adé, gìtá àwọn oníkọ́ńtìrì ni. Ó ń dùn mí pé mo lè gbọ́ ọmọ Texas tó kú ní 1964 nígbàkígbà tí mo bá fẹ́, kí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ìbàràpá má sì lè gbọ́ ẹni tó kọrin níbi ìgbéyàwó ìyá rẹ̀. Orin wọn kò dùn ju tiwa lọ. Wọ́n tọ́jú tiwọn ni.

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bristol, tí ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti Virginia gba àárín ìgboro rẹ̀ kọjá. Ní oṣù Keje ọdún 1927, Ralph Peer gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Victor lọ síbẹ̀, ó gba àyè nínú ilé àwọn oníṣòwò fìlà, ó ní kí àwọn olórin àgbègbè náà máa bọ̀. Àwọn 19 ló dáhùn, ẹlòmíràn dá wá, ẹlòmíràn kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gba orin 76 sílẹ̀. Ìdílé Carter wà nínú wọn, Jimmie Rodgers wà níbẹ̀, àwọn sì ni gbogbo oníkọ́ńtìrì ń tọ́ka sí títí di òní. Ilé náà gan-an kò sí mọ́. Síbẹ̀ àwọn ará Bristol kó ara wọn jọ, wọ́n lépa ọ̀rọ̀ náà títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi kéde ìlú wọn ní 1998 pé ibẹ̀ ni a bí orin kọ́ńtìrì sí. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún orin lójú títì ìgboro wọn, ní 2014 wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún un. Nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí kò pé!

Ìjẹ̀bú-Igbó ju Bristol lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlejò ló gbé ẹ̀rọ wọ Bristol, ó sì kó o lọ. Ọmọ ìlú ló kọ́ Phonodisk. Kí ló dé tí a ò fi lè ṣe ju ohun tí wọ́n ṣe lọ?

Àwa náà kúkú ti rí i pé ohùn àtijọ́ ṣeé tọ́jú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo Zonophone ní London ní 1922. A ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí la fẹ́ sọ fún ọmọ wa, bí ohùn 1922 bá wà tí ti 1982 bá ti sọnù?

Ohun tó ń pa wọ́n kò fara sin. Àwo àtijọ́ tó nípọn tó wúwo, bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àwo ńlá tó fúyẹ́, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má tò wọ́n lélẹ̀ léra, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lóòró níbi tó tutù, ẹ má sì fi kẹrosíìnì nù wọ́n láéláé. Kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀rinrin àti eruku ọyẹ́ ló ń bà á jẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ọmọ ilé. Lálẹ́ òní, ẹ yẹ ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò: rọ́bà kékeré méjì wà létí rẹ̀, ní igun ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ ṣẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò tún gba ohun mìíràn lé e lórí mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò gba ohùn bàbá bàbá yín là. Bó bá jẹ́ téèpù ńlá onírólà ni ẹ ní, irú èyí tí wọ́n ń lò ní sítúdíò àti nílé iṣẹ́ rédíò, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi fínígà, ó ti ń jẹra, kò lè dúró pẹ́. Bó bá sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ rárá, nítorí ohùn yóò bó kúrò lára rẹ̀. Ó ní bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó lò ó.

Ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wá ńkọ́? Iṣẹ́ sùúrù ni. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 90 ni yóò gbà kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọgọ́rùn-ún kásẹ́ẹ̀tì di 150 wákàtí. Ẹni tó bá ń fi wákàtí mẹ́fà sí i lójúmọ́, ọjọ́ 25 nìyẹn, láìka ọjọ́ tí iná kò sí. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ ká máa retí ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n láti òkè òkun. Ta ni yóò jókòó ti ẹrù ìlú yín fún oṣù kan, fún oṣù mẹ́fà? Ẹni tó ń gbé inú ìlú ni. Onísítúdíò yín ti ní yàrá tó dákẹ́, ó ní láptọ́ọ̀pù, ó ní máìkì, ó ní etí. Ó gbọ́ ẹ̀ka èdè ìlú. Bí olórin bá dárúkọ agbolé kan nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó mọ ojúlé tí yóò kàn. Ohun tó kù kó ní kò pọ̀: ẹ̀rọ àwo tí a lè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí ojú ipa àwo àtijọ́ fẹ̀ ju ti àwo ìgbẹ̀yìn lọ, abẹ́rẹ́ kan náà kò bá méjèèjì mu, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì gidi, ọtí sípíríìtì tí yóò máa fi nu orí ẹ̀rọ, àti hard drive. Kó má fi MP3 pa á mọ́. WAV ni kó lò, 24-bit, 48 kHz. Hard drive onítẹrabáìtì kan yóò gba ohùn tó lé ní 900 wákàtí báyẹn. Kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta: kí ọ̀kan wà ní sítúdíò, kí ọ̀kan wà láàfin tàbí ilé ìkàwé ìlú, kí ìkẹta wà lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó ń gbé ibòmíràn, kí iná tàbí olè má lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un pé kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ọmọ ìlú ni. Ojú mi ti rí bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ń tiraka. Owó tí ẹgbẹ́ akọrin bá san, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, Èkó ló ń sá lọ. Olórin tí wọ́n gba orin àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bó bá ti ń níyì díẹ̀, á lọ gba èkejì ní ibi tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ fún wọn níṣẹ́, ẹ sì san owó iṣẹ́. Ìlú tó bá ń sanwó fún onísítúdíò rẹ̀ láti tọ́jú orin àná ń fún un lágbára láti gba orin òní sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olórin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kí ẹ tó wọkọ̀ Èkó, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ̀yin onísítúdíò náà, ẹ̀bẹ̀ tiyín nìyí. Bí ẹ bá gbé ohùn àtijọ́ wọ kọ̀ǹpútà, ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ariwo inú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹni tó ń kígbe pé kí wọ́n gbé ọtí wá. Ẹ má fi bíìtì sí i. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tún ṣe, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ kọ orúkọ olórin, ìlú, ọdún, ìdílé tó ni í. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbà onílù tó kù láyé, ẹ pè é wọlé, ẹ gbé àga fún un, ẹ gbé máìkì síwájú rẹ̀, ẹ wá lu orin náà sí i létí. Ẹ bi í pé ta ló ń lu ìyá ìlù níbẹ̀. Kí ni ìlù yẹn ń wí? Ta ni Àlàbá tí wọ́n ń kí yẹn? Ẹ gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ kánjúkánjú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo sọ, nítorí téèpù lè dúró dè wá di ọdún tó ń bọ̀, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lè má lè dúró.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mo mọ̀ pé yóò dìde: ṣé wọn kò ní kó orin bàbá wa lọ tà? Ìbẹ̀rù náà tọ́. Kí ìdílé àti onísítúdíò kọ ìwé àdéhùn síwájú ẹlẹ́rìí kí kásẹ́ẹ̀tì tó kúrò nílé: ẹ̀dà ni wọ́n fẹ́ ṣe, ojúlówó yóò padà sọ́wọ́ ìdílé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tà á láìgba àṣẹ ìdílé olórin àti ilé-iṣẹ́ tó bá ni àwo náà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 dá ẹ̀tọ́ olórin mọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi dára kí ilé ìkàwé ìlú tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá sì ti fi orin ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, n kò ní kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má ṣáà sun ún. Ẹ fi àpótí náà lé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nílé àti ní London, ní Houston, ní ibi gbogbo tí ẹ ti ń dá owó jọ fún ọjọ́ ìlú, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó àsè ọdún yìí ra ẹ̀rọ àwo kan. Ẹ̀rọ àwo àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì gidi tí ẹlòmíràn ń gbé jù sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, òun náà ni a ń wá níbí; ẹ fi í sínú ẹrù tí ẹ ń kó bọ̀. Ẹ̀yin orí adé, ẹ fún wa ní yàrá kan láàfin, tí ọmọ ilé-ìwé lè wọ̀ kó fi ẹ̀rọ gbóhùn sétí gbọ́ olórin ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ fi ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ sílẹ̀: ẹ lu orin kan tí orúkọ olórin rẹ̀ ti sọnù, kí ẹ ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé wá sọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Òkè-Àgbò, ní Atìkórí, ní Ojówò, ní Jàpárá, gbogbo wa ń wo ojú yín kí ẹ ṣíwájú, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni Haruna Ìṣọ̀lá ti wá.

Ìpàdé ìlú yín tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ẹ máa jíròrò. Kí ẹ yan ẹni mẹ́ta: ẹnì kan tí àwọn àgbà fọkàn tán, tí yóò máa wọ ilé lọ béèrè àpótí, ẹnì kan tí yóò máa kọ orúkọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé, àti onísítúdíò yín. Bó bá jẹ́ ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ bi àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú ilé yín, wọ́n mọ ibi tó wà. Ẹ pè é wá sí ìpàdé náà, ẹ bi í ní iye tí ẹ̀rọ àti iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́, kí ẹ sì dá ìdajì owó náà jọ kí ẹ tó tú ká.